Omi Kíkan ni Mo Fi Fọ Ọkọ̀ Jẹun

Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́sàn ní Ìkọ̀lé, bẹ́ẹ̀ mi ò ta ọsàn rí láyé mi. Ọkọ̀ ni mo fọ̀. Mo fọ̀ ọ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, láti ìgbà tí ènìyàn lè fi ìka ka ọkọ̀ tó wà nílùú, títí di ìsinsìnyí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń wa ti ara rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló fún mi lórúkọ, nítorí omi kíkan inú rẹ̀ ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, tí ẹ sì rò pé kò sí ìmọ̀ kankan nínú ká fọ ọkọ̀, ẹ jókòó díẹ̀. Mo fẹ́ sọ ohun tí wọ́n kọ́ mi fún yín, àti ohun tí mo fi ara ẹlòmíràn kọ́.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Mo jáde girama, kò sówó láti tẹ̀ síwájú, bàbá mi tó ń dáko ní Ìtapàjí sì mú mi lọ bá Bàbá Ajíbóyè. Wọ́n gbà mí. Owó ọ̀sẹ̀ wọn kò pọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá Ajíbóyè ti wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn kí ẹsẹ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Nígbà tí wọn ò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, wọ́n pa àgọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ odò létí ìlú, wọ́n ń fọ ọkọ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ojú wọn le. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ kan wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, obìnrin lẹ fẹ́ kó fọ ọkọ̀ mi?"

Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ni a fi ń ṣe uṣẹ́ yìí, a kì í fi irùngbọ̀n ṣe é."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ kì í jẹ́ iṣẹ́ lẹ́nu wọn, uṣẹ́ ni. Ilé kì í jẹ́ ilé, ulé ni.

Ìdí tí a fi ń lo ọsàn rèé. Omi kànga àgbègbè wa máa ń fi àmì funfun sílẹ̀ lára gíláàsì bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, ọṣẹ kì í sì í ran àmì yẹn. Bàbá á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú agolo, wọ́n á sẹ́ kóró rẹ̀ kúrò, wọ́n á bu omi là á, wọ́n á ki aṣọ bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá fi nu gíláàsì náà, àmì yẹn á yọ́ lọ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Bọ́ńpà tó ń dán tí ìpẹtà bá ti fẹ́ mú, ọsàn ni. Ọkọ̀ tí ọmọ bì sí, tí òórùn kíkan ò kúrò nínú rẹ̀, lẹ́yìn ọṣẹ àti omi, ọsàn díẹ̀ ni wọ́n á fi nu ìjókòó. Ìyàlẹ́nu ni fún mi pé ohun tí a ń fún sí ẹja lè ṣe irú nǹkan báyìí.

Ṣùgbọ́n odidi oṣù mẹ́fà ni mo lò kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan agolo ọsàn. Omi kíkan, wọ́n ní, dà bí ẹni tó mọ òótọ́ sọ: ó wúlò, ṣùgbọ́n ibi gbogbo kọ́ ni a ń mú un lọ. A kì í lò ó lára ọkọ̀ tó gbóná. A kì í lò ó nínú oòrùn. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́, níbi tí ojú kò tó. Bí a bá fi kan irin, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. A ó ka ení, èjì, títí dé ogójì, a ó sì da omi púpọ̀ lé e lórí. A kì í fi kan ríìmù aláyọ́, irin fífúyẹ́ bíi ti ìkòkò, tí kò ní ọ̀dà lára, nítorí ó máa ń jẹ ẹ́, á sì di dúdú. Àwọn oníbàárà a máa fi wá rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ tí a ń ka nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ìkìlọ̀ kan tún wà tí mo ka sí àìgbọ́n àgbà. Bàbá máa ń sọ pé, "Omi kíkan kì í bá omi mìíràn gbé inú garawa kan náà, àfi omi tó tinú kànga wá." Mo bi wọ́n léèrè ìdí. Wọ́n ní bí ọ̀gá tó kọ́ àwọn ṣe sọ ọ́ nìyẹn, àwọn náà ò mọ̀dí. Mo gbọ́ ọ létí, mi ò gbọ́ ọ nínú.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ara mi kọ́ ni ti oòrùn. Mo fún ọsàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò fọ ọwọ́ mi, mo lọ dúró síta láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ọwọ́ mi méjèèjì ti lé ròrò, ó ń jó mi bí ẹni tí epo gbígbóná ta sí lára. Nígbà tó san, àpá dúdú ló kù, ó sì pẹ́ lára mi ju oṣù méjì lọ. Bàbá wo ọwọ́ náà, wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ọsàn àti oòrùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ lára ènìyàn. Máa fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jáde."

Ìgbà tí wọ́n bá mi wí ni ti ọkọ̀ dókítà kan tó wá láti Ọ̀yẹ́. Ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná bí ààrò. Ojú ń kán mi, mo da ọsàn lé e lórí láti yọ ìgbẹ́ ẹyẹ kan. Kí n tó ka ogún, ó ti gbẹ. Ibẹ̀ ṣá, ó pàdánù dídán rẹ̀, ó rí bí ojú ẹni tó ṣàìsàn. Mo fẹ́ fi aṣọ bò ó. Bàbá rìn wá, wọ́n wò ó, wọ́n sì lọ bá dókítà náà fúnra wọn.

"Ẹ má bínú sà," wọ́n ní, "a ba ọkọ̀ yín jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé agolo lé e lọ́wọ́. Ẹ fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi fi ìpara tó ń mú ọ̀dà dán ra bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, títí èjìká mi fi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n gba agolo lọ́wọ́ mi títí òjò ọdún yẹn fi rọ̀ tó sì dá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, wọ́n ní, èyí tí a bá fagbára mú ní í le.

Ọdún keje ni mo gba òmìnira. Nígbà tí Bàbá kú, èmi ni àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó ní kí n máa bá ibi iṣẹ́ náà lọ. Mo gba obìnrin kan sọ́dọ̀, Bọ́sẹ̀. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ méjì. Sunday ọkọ rẹ̀ ń gbin iṣu ní Àsín. Bọ́sẹ̀ ló máa ń gbé ohùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn, ó sì ń kọrin nídìí iṣẹ́ tó jẹ́ pé àwọn oníbàárà mìíràn á jókòó dè é kí orin tó tán. Iṣẹ́ wa gbòòrò. Ọsàn tí à ń fún kò tó mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra fínígà, omi kíkan inú ìgò, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pè ní sítíríìkì, omi kíkan inú ọsàn náà ni wọ́n sọ di ìyẹ̀fun. Ṣíbí méjì nínú garawa, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa bo gbogbo nǹkan. Bọ́ọ̀sì kékeré kan dé láti Èkó, ìdílé kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ sin ìyá wọn ní Ìsàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọmọ ti bì sínú ọkọ̀, omi ẹja tútù sì ti dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè gbé òórùn yẹn lọ síbi òkú ìyá àwọn. Bọ́sẹ̀ fi omi bílíìṣì, èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun, nu ilẹ̀ ọkọ̀ náà. Òórùn ẹja ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Olórí ìdílé náà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Mo gbé garawa Bọ́sẹ̀, mo da fínígà sínú rẹ̀, kì í ṣe díẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ní, "Àǹtí Fúnmi, omi bílíìṣì ṣì wà nínú rẹ̀ o."

Mo ní, "Kí ni yóò ṣe? Ṣebí méjèèjì ló ń fọ nǹkan mọ́. Wọlé, kó o ti ilẹ̀kùn, kí eruku má baà wọlé tọ̀ ọ́."

Ó wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn. Èmi ń fọ táyà lẹ́yìn. Mo gbọ́ ọ tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà mo gbọ́ nǹkan tó ń lu ara ọkọ̀ láti inú. Mo sáré ṣí ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn tó jáde gbá mi lójú bí ata gbígbẹ tí wọ́n dà síná, ọ̀fun mi padé. Bọ́sẹ̀ ti ṣubú sáàárín ìjókòó, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, kò rí èémí fà. Mo dá èémí mi dúró, mo dì í mú lábẹ́ apá, mo wọ́ ọ jáde lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, mo ń da omi kànga sí i lójú. Olórí ìdílé náà ló sọ pé ká gbé e sínú ọkọ̀ mìíràn tó wà níbẹ̀. Wọ́n gbàgbé ìsìnkú fún ìgbà díẹ̀, Ọlọ́run á san án fún wọn.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, èrò ti pé lé wa lórí. Obìnrin kan tó mọ̀ wá ní, "Ayé ni. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń lé." Òmíràn ní èéfín ọkọ̀ ni. Sunday ti dé láti oko, amọ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, bi mí pé, "Màmá, kí ló fà sínú?"

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Mo rò ó. Gbogbo ènìyàn ti ń wá ohun tí wọ́n máa dá lẹ́bi fún mi. Kí n ṣáà dákẹ́ ni. Bí mo bá dákẹ́, ayé ló ṣe é, tàbí èéfín. Bọ́sẹ̀ nìkan ló mọ̀, Bọ́sẹ̀ kò sì lè sọ̀rọ̀. Mo wo àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò bí ti ẹja tí wọ́n kó sórí ilẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni. Mo da fínígà mọ́ bílíìṣì, mo ní kó wọnú ọkọ̀, kó ti ilẹ̀kùn. Ó kìlọ̀ fún mi."

Dókítà ò wò mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó yí padà sí àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń sọ ohun tí wọ́n máa gbé wá, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí Bọ́sẹ̀ nímú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun ò bá tètè mọ̀, òun ì bá máa wá àìsàn mìíràn kiri nígbà tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń kún fún omi. Wọ́n gbé e lọ sí Ìdó lọ́jọ́ kejì, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ kó tó padà wálé.

Sunday kò pariwo mọ́ mi. Ó dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́. Ẹ má wá sí ulé wa."

Mi ò lọ. Mo ti ibi iṣẹ́ pa. Ọ̀pọ̀ ló rò pé mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì wù mí kí n fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan kò jẹ́ kí n sùn: mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Mo mọ̀ pé mo ṣe é, mi ò mọ bó ṣe jẹ́. Mo lọ bá olùkọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní kẹ́mísírì. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, mo sì ní kó kọ́ mi.

Ó ní, "Màmá, omi kíkan nìkan, ẹ lè fi jẹ sàláàdì. Bílíìṣì nìkan, ẹ lè fi fọ aṣọ. Bí méjèèjì bá pàdé, afẹ́fẹ́ kan ń jáde nínú wọn. Afẹ́fẹ́ yẹn ni wọ́n fi pa ènìyàn lójú ogun rí."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo padà lọ ní ìgbà mẹ́rin mìíràn, mo béèrè gbogbo ohun tó wà nílé iṣẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan: ọṣẹ, sítíríìkì, omi bátìrì, ìpara. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Àgbà tó ṣubú ló ń wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo tún ilẹ̀kùn ṣí, kò sí bílíìṣì nílé iṣẹ́ mi mọ́ títí di òní. Garawa omi kíkan di aláwọ̀ ewé, kò sì sí ohun mìíràn tó ń wọnú rẹ̀. Mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò tó ń bo ojú. A kì í fọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, bí eruku gbogbo Èkìtì tilẹ̀ ń fẹ́ bọ̀.

Ó lé ní ọdún kan kí Bọ́sẹ̀ tó yọ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti fọn. Ó jókòó sórí àpótí, ó sinmi kó tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí," ó ní, "mo fẹ́ padà síṣẹ́."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi tí mo jù ú lọ. Ó ní kí n dìde.

"Kì í ṣe pé mo ti dárí jì yín tán ni mo ṣe wá. Ẹ máa ń kánjú. Mo wá kí n lè máa ṣọ́ yín."

Ó sì ṣọ́ mi. Bí mo bá gbé ìgò kan tí kò mọ̀, ó máa ń béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń dúró gba èsì. A jọ rí ìgbà tí nǹkan yí padà. Kàn-ìnkàn-ìn kúrò, fóòmù dé. Jẹnẹrétọ̀ dé, ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára dé, tí ohun tí à ń fi wákàtí kan ṣe di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá. Èjìká mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ ohun tí wọ́n dà sínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ike omi kan kiri láti Ìkọ̀lé dé Ìdó. Ó ní omi ríìmù ni, kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá fọ́n ọn sí ríìmù, ìdọ̀tí ọdún márùn-ún á wọ́ lọ láìfọwọ́ kàn án. Mo ní kó da díẹ̀ sórí ọmọrí ìkòkò aláyọ́ àtijọ́ kan. Ó hó kùù, èéfín rú jáde. Nígbà tí a da omi sí i, ihò ti yọ lára ọmọrí náà.

Mo ní, "Mú un kúrò níbí."

Ó ní, "Ìyá, ẹ ti dàgbà. Ayé ti ń yára."

Bọ́sẹ̀ dá a lóhùn láti ibi tó jókòó sí: "Ayé ń yára. Awọ ara wa kò yára hù."

Àwọn mìíràn rà á. Láàárín oṣù díẹ̀, ọkùnrin kan tó ń fọ ọkọ̀ lọ́nà Ìdó pàdánù awọ ìka mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé mi ò ní jókòó sí Ìkọ̀lé kí n máa mọ̀ ọ́n nìkan. Mo gbé ọkọ̀ èrò, mo lọ láti ibi ìfọkọ̀ kan sí òmíràn, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìsàn, ní Ìdó. Àwọn kan gbọ́. Àwọn kan ní mò ń bẹ̀rù kí wọ́n má gba oníbàárà mi ni. Ẹnì kan da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Mo padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ.

Níkẹyìn, àwọn tó ń fọ ọkọ̀ pe ìpàdé kan sí gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Ọ̀yẹ́, wọ́n ní kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀. Mo sọ ti garawa, mo sọ ti ìbọ̀wọ́, mo sọ ti oòrùn. Wọ́n ń wo fóònù wọn. Bọ́sẹ̀ fọwọ́ kàn mí, ó ní kí n jókòó. Ó dìde.

"Mo máa ń kọrin," ó ní. Ó dúró, ó fa èémí. "Ohùn òkè ni mo ń gbé." Ó tún dúró. "Ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn ló ṣe mí báyìí." Ó tọ́ka sí mi. Ó dúró, ó fi ọwọ́ di àga mú. "Kò kórìíra mi. Ó ń kánjú ni. Ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró kí n tó lè sọ ọ̀rọ̀ kékeré yìí fún yín. Garawa kan ṣoṣo ni."

Fóònù kankan kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo jókòó níbẹ̀, mi ò gbójú kúrò lára wọn, nítorí ó yẹ kí wọ́n rí ojú mi.

Kí a tó kúrò, ọkùnrin mọ́kànlá ló wá bá wa pé kí a wá wo ohun tó wà nílé iṣẹ́ àwọn, kí a sọ èyí tí àwọn máa lò àti èyí tí àwọn máa kó dànù. Ó gbà wá ní oṣù méjì kí a tó yí wọn ká tán.

Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì. Orúnkún mi ló ní ó tó. Bọ́sẹ̀ ló ń darí ibẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ wá, iṣẹ́ gidi ni, ó lè bọ́ yín, ó lè kọ́ ilé fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ìgò tí ẹ kò mọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ẹnì kan bá sì bi yín ní ohun tí ẹ lò, ẹ tètè dáhùn. Mo ti gbé garawa kalẹ̀. Ẹnu mi ni kò tíì fẹ̀yìn tì.